Ará Palẹsítínì ní Chile, Ará Chile ní Swídìn: Ohun Tó Mú Kí Ìgbé-Ayé Wọn Yàtọ̀ Síra

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn nípa àwọn ará Palẹsítínì tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè yóò rí ohun tó lè rú u lójú. Lónìí, yóò kà pé ìdílé wọn kan ló ni ọ̀kan nínú àwọn báńkì tó tóbi jù lọ ní Chile, pé wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ bàbá wọn, àti pé àwọn ọmọ wọn ń ṣe sẹ́nétọ̀ àti olórí ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́la, yóò kà pé inú àgọ́ ogúnléndé ni wọ́n wà ní Lẹ́bánónì, tí òfin ibẹ̀ kò sì gbà wọ́n láyè láti ra ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Chile tó wà lókèèrè náà kò yàtọ̀: àwọn kan ń kọ́ni ní yunifásítì ní Yúróòpù, àwọn kan ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ń já èso lóko olóko ní Ajẹntínà láti ìgbà ayé bàbá wọn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìyàtọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí àṣà, wọ́n á ní ará Palẹsítínì mọ òwò, ará Chile mọ ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò sì fi gbà ni mo fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé.

Kí á tó fi àwùjọ kan wé èkejì, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó wà ní Chile ni àwùjọ Palẹsítínì tó pọ̀ jù lọ lẹ́yìn òde àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Iye tí àwọn onímọ̀ máa ń dá fún wọn wà láàárín 300,000 sí 500,000. Àmọ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣí wá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Chile ni wọ́n bí wọn sí, èdè Spéènì ni wọ́n fi ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ Lárúbáwá mọ́. Àwọn baba ńlá wọn ti kúrò nílé tipẹ́ kí rògbòdìyàn ọdún 1948, èyí tó wáyé nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀, tó lé ohun tó ju 700,000 ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń dé Chile, nígbà tí Palẹsítínì ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ottoman ti ilẹ̀ Tọ́kì, àwọn ìlú kéékèèké mélòó kan tó múlé gbe ara wọn ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wá: Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Beit Jala, Beit Sahour àti Beit Safafa. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, ti ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì pàápàá. Nígbà tí ìjọba Ottoman fi dandan lé iṣẹ́ ológun fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní ọdún 1909, ọ̀pọ̀ ìdílé ló yára fi ọmọkùnrin wọn ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n má baà mú un lọ. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Buenos Aires. Àwọn tó ṣáájú sì gun ìbaaka kọjá òkè Andes bọ́ sí Chile, kí ọ̀nà rélùwéè tó la òkè náà já ní ọdún 1910.

Ìwé ìrìnnà Tọ́kì ló wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà turco ni àwọn ará Chile ń pè wọ́n, ẹ̀gàn sì ni wọ́n fi ń pè é. Wọn kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ ńláńlá, ni wọ́n bá gbé ẹrù sẹ́yìn, wọ́n ń kiri ọjà. Òwú, bọ́tìnnì, ìyarun, dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n ń tà láti abúlé dé abúlé àti ní ibùdó àwọn awakùsà, níbi tí àwọn ilé ìtajà ńlá kì í dé. Wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní Patronato, àdúgbò kan ní Santiago ní òdì kejì odò Mapocho, níbi tí owó ilé kò ti wọ́n. Ní ọdún 1917 wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tiwọn síbẹ̀. Ní ọdún 1920 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Palestino sílẹ̀, èyí tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì Chile ní ọdún 1955 àti 1978.

Ohun tó sọ oníṣọ́ọ̀bù aṣọ di olówó ńlá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1930, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun ló ṣètò rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, Chile wà lára àwọn ilẹ̀ tí ìyà náà jẹ jù, nítorí pé iyọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ àti bàbà ló pọ̀ jù lọ nínú ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun. Ìjọba kò ní owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ láti fi ra aṣọ láti Ìlú Ọba. Ó gbé owó ibodè sókè, ó sì ń wá ẹni tí yóò hun aṣọ nínú ilé. Àwọn tó mọ ọjà aṣọ tinú tòde, tí wọ́n ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì mọ oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìlú, ni àwọn tó ti ń kiri bọ́tìnnì ní ogún ọdún ṣáájú. Juan Yarur, ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tó ti kọ́kọ́ ṣòwò ní Bolivia, ṣí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ ní Santiago ní ọdún 1937, ọdún yẹn kan náà ni òun àti àwọn mìíràn sì dá báńkì BCI sílẹ̀. Ìdílé Hirmas, Sumar àti Said náà wọnú iṣẹ́ aṣọ híhun. Ohun tó wà nídìí ọrọ̀ yìí ni pé ìgbà tí ìjọba nílò aláṣọ bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ti múra tán. Iṣẹ́ takuntakun wà níbẹ̀, n kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìpàdé irú àkókò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé.

Ohun kejì tó wà nídìí rẹ̀ ni òfin. Ní Chile, ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ náà, ọmọ Chile ni, àyàfi ọmọ àlejò tó kàn ń kọjá lọ tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ oníkiri ọjà lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè kàwé di dókítà tàbí agbẹjọ́rò, ó lè dìbò kí wọ́n sì dìbò fún un. Ìrìn-àjò irú èyí, láti inú ìjọba Ottoman kan náà, ló gbé àwọn tí a ń pè ní Kóráà dé Èkó àti Ìbàdàn, Síríà àti Lẹ́bánónì sì ni ọ̀pọ̀ tiwọn ti wá. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kékeré kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Gbági. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ṣòfin ní ọdún 1972 láti ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀, àwọn tí wọ́n bí síbí pàápàá ní láti máa wá ìwé ọmọ ìlú kiri. Ìyàtọ̀ òfin lásán nìyẹn, àmọ́ òun ló ń sọ bóyá ẹni kan lè kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ilẹ̀ kan láìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Orúkọ ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà kò lè dúró fún gbogbo àwùjọ. Ní ọdún 1971, àwọn òṣìṣẹ́ gba ilé iṣẹ́ Yarur, ìjọba Salvador Allende, ààrẹ Chile nígbà náà, sì sọ ọ́ di ti ìlú. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1973, owó ibodè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ títí ó fi di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1979, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè sì pa ilé iṣẹ́ ìhunṣọ lọ bẹẹrẹ. Àwọn tó ní owó púpọ̀ ti gbé tiwọn lọ sídìí báńkì àti ilé ìtajà ńláńlá. Ìdílé Said wà lára àwọn tó dá ilé ìtajà ńlá Parque Arauco sílẹ̀, èyí tó ṣí ní Santiago ní ọdún 1982. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ohun ìní wọn kò ní ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Patronato ti di ti àwọn ará Kòríà, àwọn àtọmọdọ́mọ Palẹsítínì tó rí já jẹ sì ti kó lọ sí Las Condes àti àwọn àdúgbò ọlọ́rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ń wo Las Condes nìkan yóò rò pé olówó ni gbogbo wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á yíjú sí àwọn ará Chile tó fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Chile ka àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wà lókèèrè ní ọdún 2003 àti 2004, iye tí wọ́n rí lé ní 850,000, tọmọtọmọ, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì wà ní Ajẹntínà. Àwọn wọ̀nyí ni ayé kì í sọ̀rọ̀ wọn. Kí Pinochet, ọ̀gágun tó ṣolórí ìjọba ológun Chile, tó dé rárá ni àwọn tálákà láti gúúsù Chile àti erékùṣù Chiloé ti ń kọjá sí Patagonia láti rẹ́ irun àgùntàn, láti ṣiṣẹ́ níbi epo rọ̀bì Comodoro Rivadavia, láti já èso ápù ní àfonífojì Río Negro, àti láti bá wọn kọ́lé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé ìgbélùú, ìgbà dé ìgbà ni ìjọba Ajẹntínà ń dárí jì wọ́n tó sì ń fún wọn ní ìwé. Owó ọ̀yà ni wọ́n ń gbà, ẹrù ọjà kò sí lọ́wọ́ wọn, oko náà sì ti ní olóko. Kò yẹ kí á fi wọ́n wé onílé iṣẹ́ ìhunṣọ kí á wá sọ pé wọn kò gbìyànjú.

Àwọn tí ayé mọ̀ ni àwọn tó sá lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n máa ń sọ pé ìjọba ológun lé tàbí dẹ́rù bà kúrò nílé: olùkọ́ yunifásítì, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, awakùsà. Harald Edelstam, aṣojú Swídìn ní Santiago, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn pamọ́ títí àwọn ológun fi lé òun fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà, Swídìn sì di ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tó gbà wọ́n jù lọ. Ibẹ̀ fún wọn ní ìwé ìgbélùú, ilé, àti ilé ẹ̀kọ́ èdè. Láti ọdún 1976, àlejò tó bá ti gbé Swídìn fún ọdún mẹ́ta lè dìbò yan ìjọba ìbílẹ̀ láìtíì di ọmọ ìlú, ètò kíkọ́ ọmọ ní èdè ilé rẹ̀ níléèwé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Kò sí èyí tó sún mọ́ ọn nínú ohun tí àwọn ará Beit Jala bá pàdé ní Santiago.

Síbẹ̀, báńkì kò jáde nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò Chile kò wúlò ní kóòtù Stockholm, olùkọ́ ìtàn tí kò gbọ́ èdè Swídìn kò sì lè kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbá, ìtọ́jú arúgbó àti iṣẹ́ ilé ìdáná, wọ́n sì pọ̀ sí àwọn àdúgbò bíi Rinkeby ní Stockholm àti Hammarkullen ní Göteborg, nínú àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ìjọba kọ́ láàárín ọdún 1965 sí 1974. Ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n bá níbẹ̀ ti tò tán. Kò sí abúlé tí ọjà kò dé, kò sí ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń wá ẹni tí yóò dá a sílẹ̀. Ohun tó wà ni owó oṣù tó mọ níwọ̀n, ilé ìwòsàn tí apá mẹ̀kúnnù ká, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé yunifásítì, èyí tó mú kí àwọn ọmọ wọn di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, olùkọ́, oníròyìn àti aṣòfin. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà gòkè yàtọ̀ síra: ọ̀kan gba inú ọjà, èkejì gba inú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tó bá ń fi iye ohun ìní nìkan díwọ̀n wọn kò ní rí èkejì rárá.

Ìrètí àtipadà sílé tún wà níbẹ̀, ó sì wuwo ju bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe máa ń kà á lọ. Ìjọba Pinochet ń tẹ lẹ́tà L sínú ìwé ìrìnnà àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́, ọdún 1988 ló sì tó fi òpin sí ìlékúrò-nílùú yẹn. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé bí ẹni tí yóò lọ lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kò ra ilé, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ kọ́ èdè náà dójú àmì. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1990, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Chile fún àwọn tó ń bọ̀ wálé. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tí ilé ń fẹ́ ló rọrùn fún jù láti padà. Michelle Bachelet, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà tó wà ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ti padà láti ọdún 1979, ó sì di ààrẹ ní ọdún 2006. Bí irú wọn bá ti lọ, àwọn tó kù ni ìṣirò Swídìn ń kà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ mìíràn tí ebi àti àìríṣẹ́ lé wá ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, kí Swídìn tó ti ilẹ̀kùn díẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Orúkọ kan, ará Chile, ló bo àwọn èrò méjì tó yàtọ̀ síra yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé àṣà ló ń pinnu, kí ó wo àwọn ará Palẹsítínì tó dé ìwọ̀-oòrùn Berlin láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ogun Lẹ́bánónì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975, ló lé wọn. Wọ́n wọ bàálù dé pápákọ̀ òfurufú Schönefeld ní ìlà-oòrùn, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ ìwọ̀-oòrùn. Wọn kò ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè dá wọn padà sí, Jámánì kò sì fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé ìgbélùú gidi. Duldung ni wọ́n gbà, ìwé tó kàn sọ pé a kò ní tíì lé ẹni náà lọ. Ó ń parí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, ó ń parí. Ẹni tó ní in kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìrànwọ́ ìjọba ni yóò máa jẹ, òfin kò sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síléèwé. Lónìí, nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ní Neukölln, àdúgbò kan ní Berlin, kò ríṣẹ́ ṣe tó àwọn yòókù, ó máa ń dùn mí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí pé òfin ló kọ́kọ́ dá bàbá wọn dúró sílé. Àwọn tó rí àyè sì ti sọ òpópónà Sonnenallee di ọjà oúnjẹ àti àkàrà dídùn.

Lẹ́bánónì àti Jọ́dánì fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ogúnléndé ọdún 1948 kan náà ni wọ́n gbà. Jọ́dánì sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tiwọn di ọmọ ìlú. Ní Amman, ará Palẹsítínì wà nídìí báńkì, ilé ìwòsàn àti ìkọ́lé, àwọn tó ti Gásà wá lẹ́yìn ogun 1967 nìkan ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò rí ìwé yẹn gbà, tiwọn sì le. Ní Lẹ́bánónì, àgọ́ méjìlá ló ṣì wà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ amòye kò ṣí sílẹ̀ fún wọn, òfin ọdún 2001 sì kọ̀ fún wọn láti ra ilé tàbí ilẹ̀. Àwọn ará Palẹsítínì tí wọ́n kà ní Lẹ́bánónì ní ọdún 2017 jẹ́ 174,422, nígbà tí orúkọ tó wà nínú ìwé UNRWA, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń bójú tó ogúnléndé Palẹsítínì, lé ní 450,000. Apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn ti kó lọ sílẹ̀ mìíràn.

Ìyẹn náà ló fà á tí ìṣirò fi ń ṣini lọ́nà ní Yúróòpù. Ará Chile rọrùn láti kà, nítorí pé Chile ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Ará Palẹsítínì lè wà lábẹ́ Lẹ́bánónì, Síríà, Jọ́dánì, tàbí lábẹ́ ìlà àwọn aláìnílùú. Bí ẹ bá rí tábìlì kan tó fi owó tó ń wọlé fún àwùjọ méjèèjì wé ara wọn, ẹ wádìí irú àwọn tí wọ́n kà, ìgbà tí wọ́n dé, àti bóyá ọmọ wọn wà nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ìfiwéra yìí mọ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba Chile gba ogúnléndé Palẹsítínì 117 láti àgọ́ Al-Tanf, ní ibodè Ìráàkì àti Síríà. Ìdílé tó ti ń gbé Baghdad láti ọdún 1948 ni púpọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn ọlọ́tẹ̀ sì lé wọn lẹ́yìn tí ìjọba Saddam Hussein ṣubú ní ọdún 2003. Wọ́n pín wọn sí Santiago, San Felipe àti La Calera. Àwọn àtọmọdọ́mọ Palẹsítínì ti ibẹ̀ pàdé wọn pẹ̀lú àsíá àti omijé, wọ́n bá wọn wá ilé àti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èdè kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu bọ̀rọ̀, owó iṣẹ́ tí wọ́n rí kò tó san owó ilé, àwọn kan sì sọ ọ́ jáde pé ayé le fún wọn. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí ìbá gbà wọ́n ní ọdún 1940 ti tì pa, àwọn ilé ìtajà ńlá sì ti dé gbogbo ìlú tí oníkiri ọjà ìbá gbé ẹrù lọ. Orílẹ̀-èdè tó sọ ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù di onílé iṣẹ́ ni wọ́n wà, àdúgbò Recoleta tí Patronato wà nínú rẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n fún wọn nílé. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí níbẹ̀ láti ìgbà náà jẹ́ ọmọ Chile láti ọjọ́ tí wọ́n dé ayé.